Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Mọ Ìmọ́lẹ̀ Í Yà

Kí ènìyàn tó kí ará ilé rẹ̀ pé "ẹ káàárọ̀" tán, ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ. Láàárín ìwọ̀nba àkókò yẹn, káàdì gíráfíìkì tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ tó ń gbá géèmù ti ya odidi àwòrán 60, ó ti pa 59 rẹ́, òmíràn sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Bí ojú kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ irú èyí tí àwọn òǹtajà ń pè ní 4K, àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì jẹ́ 3,840 ní ìbú, wọ́n jẹ́ 2,160 ní òró. Gbogbo wọn lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù 8. Ẹ fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di bíi mílíọ̀nù 500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í bèèrè àwọ̀ tirẹ̀. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bíi 16 nínú rẹ̀ ni káàdì ní láti fi parí àwòrán kan. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọmọ náà á ti mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ̀: géèmù á máa fà.

Ẹ wá wo ti àwọn onífíìmù. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ onífíìmù Pixar ń ṣe Toy Story, tó jáde ní 1995, àwòrán kan ṣoṣo lè gba bíi wákàtí kan lórí kọ̀ǹpútà, òmíràn lè gba odidi ọjọ́ kan kó tún lé. Àwòrán 24 ló sì ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò kánjú? Òǹwòran kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà lè máa hu lóru mọ́jú títí yóò fi ṣe tán.

Onífíìmù lè dúró, onígéèmù kò lè dúró. Lójú tèmi, gbogbo ìtàn káàdì gíráfíìkì kò ju ìyẹn lọ: ọgbọ́n tí ẹni tí kò ráàyè ń dá kí iṣẹ́ rẹ̀ lè jọ ti ẹni tó ráàyè.

Àwọn ará Utah

Ní 1968, Ivan Sutherland lọ bá David Evans ní Yunifásítì Utah, ní Salt Lake City lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Láàárín bí ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí káàdì òde òní ṣì ń ṣe ti jáde láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ wọn. Ìbéèrè tó wà níwájú wọn kò ṣòro í bi: báwo la ṣe máa fi nọ́ńbà ṣàpèjúwe ohun tó rí roboto, bí ife, bí ojú ènìyàn, bí ara mọ́tò, fún ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju nọ́ńbà lọ? Ìdáhùn tó borí ni pé kí wọ́n gé e sí onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́. Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta, tí kì í ṣe mẹ́rin, ni pé ibi yòówù kí ẹ fi igun mẹ́ta sí, ojú pẹrẹsẹ kan náà ni yóò gba gbogbo wọn. Ìkẹrin ló lè yọ sókè tàbí kó rì. Àwọn àgbà wa ti rí èyí nídìí iná ìdáná: ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi onígun mẹ́ta tò a máa rí págunpàgun. Henri Gouraud, ọmọ Faransé kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, fa ìlà sójú Sylvie ìyàwó rẹ̀, ó wọn ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti pàdé èkejì, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ní 1971 ó fi han ayé pé bí a bá ṣírò ìmọ́lẹ̀ sí orígun onígun mẹ́ta nìkan, tí a sì jẹ́ kí àwọ̀ máa yọ́ wọnú ara wọn láàárín, págunpàgun náà á pòórá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á tẹ́jú. Onígun mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀ o; ojú ló ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Bui Tuong Phong, ọmọ Vietnam tó gba Faransé kó tó dé Utah, lọ síwájú ju ìyẹn lọ. Ó pín ìmọ́lẹ̀ tó wà lára nǹkan sí mẹ́ta: èyí tó kàn wà káàkiri, èyí tí ara nǹkan ń fọ́n sí gbogbo ìhà, àti èyí tó ń ta yìn-ìn láti ojú ibi tó ń dán. Àmì funfun kékeré tó máa ń wà lára bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà, òun ló gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe òfin físíìsì kankan ló mú un wá. Ó wo bí nǹkan tó ń dán ṣe ń rí, ó sì wá ìṣirò tó jọ ọ́. Ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1975, ọdún náà gan-an ni àìsàn mú un lọ, kò tíì pé ẹni ọdún 35. Ìṣirò tó gbé kalẹ̀ yẹn ṣì wà nínú géèmù ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tó gbá àwọn géèmù ọ̀hún, bóyá la fi lè rí ẹyọ kan tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ìkẹta wọn ni Ed Catmull, tó wà lára àwọn tó dá Pixar sílẹ̀ nígbà tó yá. Ní 1974, ó kọ́kọ́ yanjú ọ̀ràn ohun tó wà lẹ́yìn tó ń jáde síwájú: kí kọ̀ǹpútà máa kọ bí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó sílẹ̀, kí èyí tó bá súnmọ́ jù sì ni ojú. Ó tún fi hàn pé a lè fi àwòrán bo ara nǹkan. Ògiri bíríkì kò wá nílò kí ẹnikẹ́ni ya bíríkì lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Onígun mẹ́ta méjì péré tó, tí a bá ti lẹ fọ́tò ògiri mọ́ ọn.

Ìṣẹ́jú 74

Títí di ibi tí a dé yìí, kò sí ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ní tòótọ́. Kọ̀ǹpútà kàn ń kun nǹkan ní ọ̀dà tó bá ibi tí iná wà mu ni. Bí bọ́ọ̀lù kan bá dúró nítòsí èkejì, kò sí èyí tó mọ̀ pé ìkejì òun wà láyé.

Turner Whitted, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ló yí èyí padà pẹ̀lú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1980. Àwòrán kan wà tó bá ìwádìí náà wá. Bọ́ọ̀lù méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n dúró lófuurufú lókè ilẹ̀ olójú páálí pupa àti ìyeyè. Èyí tó wà níwájú mọ́ gaara, ó jẹ́ kí a rí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ń dán bíi jígí. Ẹ wo jígí náà dáadáa, ẹ ó rí ilẹ̀ olójú páálí tó tẹ̀ kọdọrọ sára rẹ̀. Ẹ wo bọ́ọ̀lù gíláàsì, ẹ ó rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti yí padà, nítorí gíláàsì máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó kun èyíkéyìí nínú wọn. Ìṣirò ló bí wọn.

Ohun tó ṣe nìyí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń tú jáde sí gbogbo ìhà, díẹ̀ kínún sì ni èyí tó ń dé ojú wa. Ẹni tó bá fẹ́ tọ gbogbo rẹ̀ láti orísun á kú sídìí rẹ̀. Arthur Appel ti IBM ti dá a lábàá ní 1968 pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ojú ẹni tó ń wò, kí a máa lọ sẹ́yìn. Whitted fa ìtànṣán kan láti ojú gba inú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan kọjá, ó sì ń bi í léèrè pé kí ni o kọ́kọ́ bá pàdé. Bó bá bá bọ́ọ̀lù gíláàsì, ìtànṣán á là sí méjì: ọ̀kan á ta padà, ọ̀kan á wọnú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn náà á tún lọ bá nǹkan mìíràn, á sì tún ṣeé ṣe kó là. Níbi gbogbo tí ìtànṣán bá ti dúró, ó ń rán òmíràn sí ìhà iná láti wò ó bóyá nǹkan dí i lọ́nà. Bí nǹkan bá dí i, òjìji ló wà níbẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní ray tracing títí di òní, tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí káàdì tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà.

Àwòrán kan ṣoṣo yẹn gba ìṣẹ́jú 74 lórí kọ̀ǹpútà VAX-11/780, ẹ̀rọ tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ tí a bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí pẹ̀lú rẹ̀ ì bá ti rí àwòrán tó lé ní 266,000 láàárín ìṣẹ́jú 74.

Òjìji Whitted gé gẹ́rẹ́gẹ́ bíi pé ọ̀bẹ ló gé e, bẹ́ẹ̀ òjìji gidi kì í rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ pupa tí a bá sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri funfun máa ń pọ́n ògiri náà díẹ̀. Kò sí ìyẹn náà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1986, James Kajiya ní Caltech kọ ìlà ìṣirò kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti ibì kan ni èyí tí ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tàn, pẹ̀lú gbogbo èyí tó ń wọ̀ ọ́ láti ibi gbogbo tó sì ń ta á padà. Ibi gbogbo yẹn ni ìṣòro wà. Ìmọ́lẹ̀ ògiri wá láti ilẹ̀, ti ilẹ̀ wá láti àjà, ti àjà wá láti ògiri, kò sì lópin. Láti 1986 ni a ti mọ ohun tó yẹ kí kọ̀ǹpútà ṣe kí àwòrán rẹ̀ tó jọ òtítọ́. Ohun tó kù kò ju àkókò lọ.

Káàdì dé

Kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ìṣirò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CPU. Ó yára, ó gbọ́n, àmọ́ nǹkan díẹ̀ ló lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ píksẹ́lì kò nílò ọgbọ́n púpọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni fún gbogbo wọn, wọn ò sì ní láti dúró de ara wọn. Èrò tó wà nídìí káàdì gíráfíìkì ni pé kí a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ìṣirò kéékèèké sórí ṣíìpù kan, kí a pa àṣẹ kan náà fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní 1996, ilé-iṣẹ́ 3dfx gbé Voodoo Graphics jáde, mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 4. Káàdì náà kò lè gbé lẹ́tà lásán sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ gbọ́dọ̀ fi wáyà so ó mọ́ káàdì ti tẹ́lẹ̀, kó máa dúró títí géèmù yóò fi bẹ̀rẹ̀, kó tó gba ojú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bá rí géèmù Quake lórí rẹ̀ kò tún fẹ́ padà sí ti àtijọ́ mọ́. Ní àkókò yìí kan náà, Nvidia, tí Jensen Huang, Chris Malachowsky àti Curtis Priem dá sílẹ̀ ní 1993, fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé. Káàdì wọn àkọ́kọ́, NV1 ti 1995, kò lo onígun mẹ́ta bí ti àwọn yòókù. Ojú tó tẹ̀ kọdọrọ ló ń yà. Ọgbọ́n náà kò burú, àmọ́ Microsoft ti fara mọ́ onígun mẹ́ta, ọjà sì tẹ̀ lé Microsoft. Nvidia ronú pìwà dà, ó gbé RIVA 128 jáde ní 1997, ó sì gbé GeForce 256 jáde ní 1999, èyí tó fi polongo orúkọ GPU káyé. Nígbà tí 2000 yóò fi parí, òun ló ń ra ohun tó ṣẹ́kù lára 3dfx. ATI, tó jẹ́ abánidíje rẹ̀ tó lágbára jù lẹ́yìn náà, bọ́ sọ́wọ́ AMD ní 2006.

Èmi kò ka ìdíje yẹn sí ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2001 ló ṣe pàtàkì. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìṣirò ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú káàdì jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ ti dè mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣe géèmù kàn ń yan èyí tó wù ú nínú ohun tí wọ́n tò síwájú rẹ̀. GeForce 3 jẹ́ kí onígéèmù kọ ìṣirò tirẹ̀, kí káàdì sì máa ṣe é lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Steve Jobs ti Apple gbé e sórí pèpéle ní Tokyo lọ́dún náà, ó sì fi Luxo Jr. hàn lórí rẹ̀, fíìmù kúkúrú olórí lámpù méjì tí Pixar ṣe ní 1986. Ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà Pixar fi ọ̀pọ̀ wákàtí yà ní ọdún 15 sẹ́yìn, káàdì ń yà á lójú ẹsẹ̀.

Síbẹ̀ ẹ̀tàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀tàn tó sì ń gbóná sí i ni. Ẹ mú géèmù kan tó jáde ní bíi 2015. Òjò ti rọ̀, ọ̀gọdọ̀ omi wà lójú títì, ilé alájà mẹ́ta tó wà ní ìkángun títì sì hàn nínú omi. Ó rẹwà. Ẹ wá tẹ ojú kámẹ́rà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí òrùlé ilé náà bọ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Òrùlé tó wà nínú omi á bá a lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i, gbogbo ilé inú omi á parẹ́, bẹ́ẹ̀ ilé gidi ṣì dúró síbi tó wà. Káàdì kò mọ ohunkóhun ju ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà lásìkò yẹn lọ. Ibẹ̀ ló ti ń ṣa ohun tó ń lẹ̀ mọ́ omi. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í lè ṣàì rí i mọ́.

Nígbà tí ìtànṣán wọ káàdì

Ní 2018, Nvidia gbé RTX 2080 Ti jáde. Tiránsísítọ̀ bílíọ̀nù 18.6 ló wà nínú ṣíìpù rẹ̀, díẹ̀ nínú wọn kò sì ní iṣẹ́ méjì ju pé kí wọ́n máa wá ibi tí ìtànṣán ti bá onígun mẹ́ta pàdé. Iṣẹ́ yẹn le ju bó ṣe dún létí lọ. Géèmù kan lè ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù onígun mẹ́ta. Bí ìtànṣán bá ní láti bi gbogbo wọn léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi àpótí àfojúinúwò kan bo odidi igi, àpótí kékeré mìíràn nínú rẹ̀ fún ẹ̀ka, òmíràn fún ewé. Ìtànṣán tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ńlá kò tún ní ohunkóhun í bi ewé. Ìbéèrè bíi mélòó kan péré ni yóò fi mọ ibi tó dúró.

Nígbà tí káàdì náà dórí àtẹ, kò sí géèmù kankan tó lè lò ó fún ray tracing. Battlefield V ló kọ́kọ́ dé, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, òun náà kò sì lò ó ju ara ohun tó ń dán bí omi àti gíláàsì lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé owó tabua la san torí kí á lè rí iná nínú ọ̀gọdọ̀. Lójú tèmi, wọn kò jayò pa fún ọdún yẹn, wọ́n kàn kánjú ni. Ní 2019, wọ́n tún Quake II ti 1997 ṣe, tó fi jẹ́ pé ìtànṣán ló ń tan gbogbo iná inú rẹ̀. Ní 2020, PlayStation 5 àti Xbox Series X náà gbé ẹ̀rọ ray tracing wọ ilé aráàlú. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2023, Cyberpunk 2077, géèmù ìgbàlódé tó kún fún iná ìpolówó ọjà àti títì tútù, ti ní ọ̀nà kan tí gbogbo ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ fi ń gba ìlà ìṣirò Kajiya. Ẹ tẹ kámẹ́rà wálẹ̀ bó ṣe wù yín, ilé inú omi kò lọ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n àwọn onífíìmù máa ń rán ìtànṣán ọgọ́rọ̀ọ̀rún sínú píksẹ́lì kan. Onígéèmù kò lè rán ju bíi ọ̀kan tàbí méjì lọ kí àkókò tó tán. Ibi tí ìtànṣán kan yà sí lè jẹ́ iná, píksẹ́lì á mọ́lẹ̀ kanlẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè yà sí òkùnkùn, á ṣókùnkùn biribiri, bẹ́ẹ̀ ògiri kan náà ni wọ́n jọ wà. Bí ẹ bá rí àwòrán náà bó ṣe kọ́kọ́ jáde, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lé e lórí: wínníwínní dúdú àti funfun ló bo ibi gbogbo. Ohun tó ń tún un ṣe ni ètò kan tó ń wo àwọn àwòrán tó ti kọjá, tó ń wo àwọn píksẹ́lì aládùúgbò, tó sì ń fojú dá ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìfojúdá yìí ló wá di olórí ìdílé. Láti 2018 ni Nvidia ti ń gbé ètò AI kan tó ń jẹ́ DLSS sínú géèmù, kí káàdì ya àwòrán kékeré, kí AI sì sọ ọ́ di ńlá. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ń mú ojú ṣókùnkùn. Èyí tó jáde ní 2020 ló jẹ́ kí àwọn tó ń bú u dákẹ́. Ní 2022, AI bẹ̀rẹ̀ sí í dá odidi àwòrán sílẹ̀, ó ń fi í sáàárín méjì tí káàdì yà. Ní 2025, pẹ̀lú RTX 5090, ó lè fi mẹ́ta lé ẹyọ kan tí káàdì yà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán 4K mẹ́rin jẹ́ píksẹ́lì bíi mílíọ̀nù 33. Bí káàdì bá ya ẹyọ kan nínú mẹ́rin, tó sì yà á ní 1,920 sí 1,080 kí AI tó fẹ̀ ẹ́, mílíọ̀nù 2 péré ló ṣírò. Mílíọ̀nù 31 tó kù, AI ló sọ pé bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń bínú pé àwòrán èké ni. Èmi kò bá wọn bínú síbẹ̀. Onígun mẹ́ta Gouraud náà kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sylvie. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí ni ọwọ́. Kí AI tó lè fi àwòrán sáàárín méjì, èkejì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìyẹn ni pé káàdì ń dá àwòrán tó ti ṣe tán dúró díẹ̀ kó tó fi hàn. Géèmù tó jẹ́ pé 30 ni káàdì ń yà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí AI sọ di 120, á máa yọ̀ lójú bí òróró, àmọ́ ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì á mọ̀ ọ́n pé 30 lòún ń gbá. Páálí kì í sì í kọ ìyẹn sára.

Ohun mìíràn tí páálí ń kọ tí a kì í kà ni wọ́ọ̀tì. RTX 5090 lè fa wọ́ọ̀tì 575 fún ara rẹ̀ nìkan, láìka kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀ mọ́ ọn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I better pass my neighbour, kò lè gbé ju wọ́ọ̀tì ẹgbẹ̀ta ó lé díẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ kúkú mọ ẹni tí káàdì yìí kò wà fún. Àwọn géèmù gan-an kọ́ ló ń bọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é mọ́: nínú dọ́là bílíọ̀nù 130 tó wọlé fún Nvidia lọ́dún ìṣúná tó parí ní oṣù kìn-ín-ní 2025, ti géèmù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láti ìgbà tí Alex Krizhevsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ti fi káàdì géèmù méjì kọ́ AI wọn dá àwòrán mọ̀ ní 2012 ni ojú ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí ibòmíràn.

Awọ ara àti irun

Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ nìkan kò lè yanjú. Ní 2001, Henrik Wann Jensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa ìmọ́lẹ̀ tó ń wọnú awọ, tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀, tó sì ń jáde níbòmíràn. Ẹ di iná tọ́ọ̀ṣì mọ́wọ́ lóru, ẹ ó rí i tí ìka ń pọ́n. Kí ìwádìí náà tó dé, ojú ènìyàn nínú kọ̀ǹpútà máa ń dà bí ike. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ láti ọwọ́ àwọn tó ń fúnni ní Oscar nítorí rẹ̀, ó sì tọ́ sí wọn.

Ohun tí Theodore Kim, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yale, wá sọ síta ní 2020 ni pé gbogbo ìsapá yẹn dá lórí ohun tó hàn jù lára awọ funfun. Mẹ́láníìnì tó wà lára adúláwọ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì kó tó rìn jìnnà lábẹ́ awọ. Ohun tó ń mú kí awọ dúdú jọ ara rẹ̀ ni dídán tó wà lójú rẹ̀: bí iná ṣe ń ta lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lórí èjìká tí a fi òrí pa. Apá yẹn nínú ìṣirò kò gba àfiyèsí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ "awọ ènìyàn" sórí ìwádìí, wọ́n sì fi awọ ẹ̀yà kan wọ̀n ọ́n.

Ti irun tilẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí géèmù fi ń ṣe irun láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí wọ́n lẹ àwòrán irun mọ́ ìrépé onígun mẹ́ta pẹlẹbẹ, kí wọ́n sì tò wọ́n sórí. Irun tó ń ṣàn wálẹ̀ á gbà bẹ́ẹ̀. Irun tiwa, tó ń ká, tó ń dúró, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ láti gbogbo ìhà, kò gbà. Ìdí nìyẹn tí adúláwọ̀ inú géèmù fi máa ń gé orí mọ́lẹ̀ tàbí kó di irun tí kò mì. A.M. Darke, ayàwòrán àti olùkọ́ ní Yunifásítì California ní Santa Cruz, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn irun adúláwọ̀ jọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè mú wọn lò nínú géèmù. Òun àti Kim pẹ̀lú Haomiao Wu àti Alvin Shi wá tẹ ìwádìí kan jáde ní 2024 tó ń jẹ́ Curly-Cue. Wọ́n wo fọ́nrán irun líle bí wọ́n ṣe ń wo sípíríǹgì, wọ́n sì rí àwọn ohun tí kò sí nínú ìṣirò tó wà nílẹ̀. Nítòsí awọ orí, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ń ká lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; bó ṣe ń jìnnà sí orí, àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í ká pọ̀, wọ́n á di ìdì kan. Fọ́nrán mìíràn á ká sí ọ̀tún dé ìwọ̀n kan, á ṣàdédé yí padà, á máa ká sí òsì. Ẹni tó bá ti tú irun ọmọ rí lọ́jọ́ Sátidé ti fi ọwọ́ mọ èyí tipẹ́.

Fún àwọn onífíìmù, ó ti ṣeé ṣe. Ẹ wo Iwájú, eré Èkó ọjọ́ iwájú tí ilé-iṣẹ́ Kugali àti Disney ṣe ní 2024, kí ẹ wo orí àwọn ọmọ inú rẹ̀. Káàdì ni ó kù. Ṣíìpù RTX 5090 wá pẹ̀lú ohun kan tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní: ìtànṣán lè bá fọ́nrán irun pàdé gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá roboto tó so mọ́ra wọn léraléra, láìsí onígun mẹ́ta kankan níbẹ̀. Ó dín mẹ́mọ́rì kù, ó sì yára. Àmọ́ iye ọ̀pá tí fọ́nrán kan ń gbà wà lọ́wọ́ iye ìgbà tó bá yí. Fọ́nrán tó lọ gbọọrọ lè fi díẹ̀ yanjú rẹ̀. Èyí tó ń ká láti ìdí dé ṣóńṣó á gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ju ìyẹn lọ, irun orí kan sì lé ní fọ́nrán 100,000 nígbà mìíràn. Nítorí náà, lórí káàdì kan náà, nínú géèmù kan náà, orí adúláwọ̀ ló wọ́n jù láti yà, ẹni tó ń ṣe géèmù ló sì ní láti pinnu bóyá òun á san án.